Larkin Poe: Ọmọ Ìyá Méjì Tó Ni Orin Ara Wọn

Bí Megan Lovell bá jáde sórí ìtàgé, gìtá tó gbé kọ́rùn kì í dúró bí gìtá yòókù. Ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ níwájú ikùn rẹ̀, ojú okùn ń wo òkè. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í tẹ okùn mọ́ igi. Irin kékeré kan tó wúwo ló dì mú, òun ló ń fi rá lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìjókòó ni wọ́n ṣe irú gìtá yìí fún, orí itan ni wọ́n ń gbé e lé, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní lap steel nìyẹn. Megan so tiẹ̀ mọ́ ọrùn kó lè rìn káàkiri. Àbúrò rẹ̀, Rebecca, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gìtá tí gbogbo wa mọ̀. Rebecca ló ń lé orin, Megan ló ń gbè é. Àwọn méjèèjì ni Larkin Poe.

Etí Yorùbá kò ṣàjèjì sí ohùn yìí. Ẹni tó bá gbọ́ àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982 ti gbọ́ Demola Adepoju, ó ti gbọ́ ohùn gbọọrọ tó ń rá kọjá lórí ìlù bí ẹni ń pe èèyàn láti òkèèrè. Gìtá ti Demola ní ẹsẹ̀ tó fi dúró nílẹ̀, ó sì ní pẹ́dà tí ẹsẹ̀ olórin ń tẹ̀ láti yí ohùn padà. Ti Megan kò ní pẹ́dà, irin àti ọwọ́ nìkan ni. Ṣùgbọ́n orísun kan náà ni wọ́n ti wá: gìtá onírin àwọn ará Hawaii, tí ìtàn fi orúkọ Joseph Kekuku sí ìdí rẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1800.

Bí wọ́n ṣe ń yí okùn rẹ̀ kò le fún ẹni tó bá mọ dò-rè-mí. Ẹ fi G ṣe dò, kí ẹ sì kà á láti okùn tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù: dò, mí, sọ, dò, mí, sọ. Ẹ gbé irin lé gbogbo wọn lójú kan, ohùn tó jáde ti bára mu láìjẹ́ pé ìka tẹ nǹkan kan. Ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mí tó wà nínú rẹ̀, mí orin ayọ̀ ni, blues, orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, kì í sì í gbé ibẹ̀. Àárín mí náà àti ohùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé blues. Gìtá tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ igi kò ní ojú kankan fún ohùn yẹn, àfi kí olórin fi ìka fa okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin ní tiẹ̀ lè dúró níbikíbi. Olórin á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á rá gòkè, á sì dúró kó tó débẹ̀ tán. Ẹni tí èdè rẹ̀ ń fi ohùn yí ìtumọ̀ padà, tó sì ti gbọ́ dùndún tó ń sọ̀rọ̀ rí, á mọ ohun tí mò ń wí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ ni kó gbé irin sí àárín méjì nínú àwọn ìlà tó dábùú ọrùn gìtá, bí ìgbà tí ìka ń tẹ gìtá lásán. Orí ìlà gan-an ni irin gbọ́dọ̀ wà, ojú sì gbọ́dọ̀ wò ó tààrà láti òkè, torí bí a bá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ojú á tàn wá, ohùn á yẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá ro ti ẹni tí gìtá rẹ̀ ń mì bó ṣe ń rìn. Kò tún gbọ́dọ̀ tẹ irin mọ́lẹ̀, ìwúwo irin fúnra rẹ̀ ti tó. Àwọn ìka tó kù lọ́wọ́ òsì ní láti máa wọ́ tẹ̀lé irin lẹ́yìn, kí wọ́n lè pa apá okùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Bí wọ́n bá gbé ìka yẹn sókè, ohùn kejì tí kò sẹ́ni tó pè é á máa dún lábẹ́ orin. Ooru iná ìtàgé náà kì í gbẹ́yìn: okùn á nà, ohùn á sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe gìtá Rickenbacker bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, alùmíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ara rẹ̀, ooru sì ń da ohùn rẹ̀ rú. Wọ́n wá gbé òmíràn jáde tí wọ́n fi ike líle dúdú tí wọ́n ń pè ní Bakelite ṣe. Irú Rickenbacker àtijọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi dá ohùn Megan mọ̀. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kì í yí okùn tán nínú yàrá tútù lẹ́yìn ìtàgé kó wá sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ó dìgbà tí iná bá ti ràn sórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó tún un yí.

Mo fa ọ̀rọ̀ gìtá yìí gùn torí pé ohùn yẹn ni ẹrù àkọ́kọ́ tí Larkin Poe ní tó jẹ́ tiwọn gan-an. Ẹrù kejì, ìyẹn níní orin tí wọ́n gbà sílẹ̀, pẹ́ kó tó dé.

Calhoun, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni wọ́n ti dàgbà. Fayolíìnì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, orin tí wọ́n ń kà lójú ìwé, kí wọ́n tó yà sí bluegrass, orin olókùn àwọn ará ìgbèríko gúúsù Amẹ́ríkà. Mẹ́ta ni wọ́n nígbà náà, Jessica ẹ̀gbọ́n wọn wà níbẹ̀, Lovell Sisters ni wọ́n sì ń jẹ́. Ní 2005 wọ́n gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ lórí ètò rédíò A Prairie Home Companion. Ní 2006 Rebecca di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní nínú ìdíje màǹdólíìnì ní àjọ̀dún orin MerleFest. Àwo méjì ni ẹgbẹ́ náà ṣe kó tó túká. Nígbà tó di 2010, Megan àti Rebecca tún ara wọn tò, wọ́n mú orúkọ bàbá ńlá wọn kan tó ń jẹ́ Larkin Poe, wọ́n sì paná bluegrass díẹ̀díẹ̀ títí iná mànàmáná fi gba ipò rẹ̀.

Láàárín 2010 àti 2011 wọ́n gbé àwo kékeré mẹ́rin jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbà kan nínú ọdún: Spring, Summer, Fall, Winter. Ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn ṣì wúlò fún ẹgbẹ́ tí kò lówó. Àwo ńlá kan ń jẹ owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ariwo rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Àwo kékeré mẹ́rin pín owó náà sí mẹ́rin, ó sì fún ẹgbẹ́ ní ìdí mẹ́rin láti padà síwájú èèyàn. Ewu ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀nà páálí, ìpolongo àti ìfìwéránṣẹ́ di ẹ̀ẹ̀mẹrin pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń ra iṣẹ́ sọ́rùn.

Wọ́n tún ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Elvis Costello, olórin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, mú wọn lọ sí ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò, wọ́n ṣí eré fún un, wọ́n sì bá a ṣeré. Àwọn kan máa ń fojú kéré irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó ń gbè kò tíì délé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbè fún ọ̀gá lálaalẹ́ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to orin tẹ̀ lé ara wọn, ibi tí èrò ti ń rẹ̀, ìgbà tó yẹ kí ìlù dákẹ́. Ilé ìwé tí ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Àwo ńlá àkọ́kọ́ wọn, Kin, jáde ní 2014. Ní 2016 wọ́n tún un gbé jáde pẹ̀lú orúkọ Reskinned, wọ́n yọ àwọn orin kan kúrò, wọ́n fi tuntun tó le jù wọ́n lọ rọ́pò. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, ẹ ó gbọ́ ẹgbẹ́ tó ń wá ara rẹ̀. Orin náà dára, ohùn àwọn ọmọ náà mọ́, ṣùgbọ́n èèyàn pọ̀ jù nínú yàrá.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló yí gbogbo rẹ̀ padà, kò sì ní ju kámẹ́rà kan lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò kéékèèké sórí YouTube àti Facebook, ètò tí wọ́n pè ní Tip o' the Hat: àwọn méjèèjì, gìtá kan, lap steel kan, orin ẹlòmíràn tí wọ́n gé kúrú. Wọ́n ń kọ orin àwọn àgbà blues, wọ́n sì ń kọ orin rock tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó ń wá orin tó ti mọ̀ á bá wọn pàdé níbẹ̀ láìmọ orúkọ wọn tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí òfin Amẹ́ríkà ṣe rí lórí orin ẹlòmíràn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ṣubú sí. Orin kan ní ẹ̀tọ́ méjì: ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà, àti ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, èyí tí àwọn olórin ń pè ní másítà. Bí orin kan bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan lórí àwo pẹ̀lú àṣẹ oní-ǹkan, ẹlòmíràn lè tún un kọ sórí àwo tirẹ̀ láìtọrọ ààyè, níwọ̀n ìgbà tó bá san iye tí òfin dá, tí kò sì yí ìpìlẹ̀ ohùn orin náà padà. Láti 2006 dé 2022, sẹ́ǹtì 9.1 ni lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan fún orin tí kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ẹgbẹ́ tó bá tẹ 1,000 àwo tó ní orin ẹlòmíràn 3 nínú á san dọ́là 273. Ṣùgbọ́n ààyè yẹn kò kan fídíò. Fídíò ń fẹ́ àdéhùn mìíràn pẹ̀lú oní orin. Lórí YouTube, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ wọn á dá orin náà mọ̀, owó ìpolówó á sì lọ sọ́dọ̀ oní orin. Olórin tó kọ ọ́ nínú fídíò lè má rí kọ́bọ̀. Èrò ló ń rí. Ẹni tó bá gbé irú fídíò yẹn síta láti fi jẹun ti ṣi iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá gbé e síta kí èèyàn lè wá ra tíkẹ́ẹ̀tì eré rẹ̀ ló mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀fìn mìíràn wà nínú orin blues àtijọ́. Èèyàn á rí orin kan tí wọ́n kọ "orin ìbílẹ̀" sí lára, á rò pé kò lóní. Ní 2000, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí orin méjì ti Robert Johnson, àgbà blues kan tó kọrin sínú ẹ̀rọ ní 1936 àti 1937, pé títa tí wọ́n ta rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ nígbà náà kò sọ orin náà di ti gbogbo ayé. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó kọ "ìbílẹ̀" sí ẹ̀yìn àwo, kó wo orúkọ gbogbo ẹni tó ti kọ ọ́ ṣáájú, kó sì wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba owó orin.

Àwo Peach jáde ní 2017, lórí ilé-iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì dá sílẹ̀ fúnra wọn, Tricki-Woo Records. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ Larkin Poe ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó èèyàn kúrò nínú yàrá. Wọ́n bu orin àtijọ́ àti orin tuntun tiwọn pọ̀, wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà fúnra wọn, ìlù tí ẹ̀rọ ń lù sì rọ́pò onílù ní ibi púpọ̀. Àbájáde rẹ̀ gbẹ, ó le, àlàfo sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ohùn irin Megan tó ti ń fara pamọ́ tẹ́lẹ̀ wá dúró gedegbe bí ẹni kejì tó ń kọrin.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Venom & Faith jáde ní ọ̀nà kan náà. Orin tó ṣí i jẹ́ ti Bessie Jones, obìnrin aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù etí òkun Georgia, ẹni tí Alan Lomax, akójọ orin ìbílẹ̀, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àtẹ́wọ́, lílé àti gbígbè ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ohun tí kò ní ya ẹni tó gbọ́ orin iṣẹ́ oko wa lẹ́nu. Orin Skip James, àgbà blues mìíràn, náà wà níbẹ̀. Skip James ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ó wọkọ̀ lọ sí Grafton ní Wisconsin ní 1931, ó kọrin fún ilé-iṣẹ́ Paramount, owó táṣẹ́rẹ́ ló mú bọ̀ nílé, másítà sì dúró sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ àwọn àgbà blues ṣe rí. Àwọn ọmọ Lovell, aláwọ̀ funfun, ń jẹ nínú oko tí àwọn yẹn ro, wọn kì í sì fi orúkọ àwọn tó ni oko pamọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi blues jẹun lónìí gbọ́dọ̀ mọ ìtàn yẹn dáadáa, kó sì mọ̀ pé àwọn tó dá orin náà sílẹ̀ kò sábà ní ohùn ara wọn.

Kí wá ni níní másítà túmọ̀ sí tí a bá sọ ọ́ di owó? Ẹ wo rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti sátẹ́láìtì ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí olùgbọ́ kì í ti fúnra rẹ̀ yan orin. SoundExchange ló ń gba owó náà, ó sì ń pín in báyìí: 50 nínú 100 fún ẹni tó ni másítà, 45 fún olórin tí orúkọ rẹ̀ wà lórí orin, 5 fún àwọn olórin tó bá wọn ṣeré. Ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ń gba 45. Ẹgbẹ́ tó ni másítà ń gba 95. Àṣìṣe tí mo mọ̀ pé ó ń jẹ owó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ni pé wọ́n á forúkọ sílẹ̀ bí olórin, wọ́n á gbàgbé láti forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bí oní másítà. 50 náà á wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó béèrè rẹ̀. Orin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ISRC, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12: 2 fún orílẹ̀-èdè, 3 fún ẹni tó gbé e jáde, 2 fún ọdún, 5 fún orin fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fún orin kan náà ní nọ́ńbà méjì, owó á pín sí ọ̀nà méjì, kíkó rẹ̀ jọ á sì di wàhálà. Rédíò lásán tí a ń gbọ́ nínú ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà kò san nǹkan kan fún oní másítà, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà nìkan ló ń san fún.

Másítà nìkan kọ́. Ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ló ń sanwó ìtẹ̀wé, owó àwo oníke, owó ìfìwéránṣẹ́. Àwo oníke onínṣì 12 tó ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan fẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ní ojú kọ̀ọ̀kan. Bí orin bá gùn jù bẹ́ẹ̀, àwọn ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ á sún mọ́ra, ohùn á sì kéré. Ohùn ìsàlẹ̀ líle, pàápàá ìlù ẹ̀rọ bíi tiwọn, gbọ́dọ̀ wà láàárín, kì í ṣe ní apá òsì tàbí ọ̀tún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ abẹ́rẹ́ á fò. Nǹkan mìíràn ni pé ìlà ìta ń sáré kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti inú lọ́hùn-ún kò ju 21 lọ. Ìdí nìyẹn tí orin tó kún fún "s" àti ariwo gìtá fi máa ń fọ́ bó bá jẹ́ òun ló gbẹ̀yìn. Orin jẹ́jẹ́ ni ẹni tó mọ iṣẹ́ ń fi parí ojú àwo.

Ojú ọ̀nà ni ẹgbẹ́ irú èyí ti ń jẹun jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò àpẹẹrẹ kan lórí tábìlì ọjà. Tíṣáàtì kan tó jẹ́ dọ́là 30 ná wọn ní 8 láti ṣe. Gbọ̀ngàn eré lè gba 20 nínú 100 lórí gbogbo títà, ìyẹn 6. Káàdì báǹkì á mú bíi 1. Ó ku 15, ẹni tó ń tà á sì fẹ́ gbowó iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Gbọ̀ngàn kò bá wọn san owó aṣọ, ṣùgbọ́n orí gbogbo 30 ló ti ń gba tirẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹgbẹ́ béèrè nípa rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé eré. Aṣọ títóbi sì máa ń kọ́kọ́ tán, kékeré á ṣẹ́kù nínú páálí. Ẹni tó bá tẹ gbogbo ìwọ̀n ní iye kan náà á máa gbé owó rẹ̀ káàkiri nínú bọ́ọ̀sì.

Larkin Poe kò fi Amẹ́ríkà nìkan mọ. Wọ́n ṣeré ní Glastonbury, àjọ̀dún orin ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2014, Yúróòpù sì wà lára ibi tí èrò wọn pọ̀ sí. Fún ẹgbẹ́ ará Amẹ́ríkà tó ń lọ síbẹ̀, ìwé ATA Carnet ló ń jẹ́ kí gìtá àti áńpù kọjá ẹnubodè láìsan owó ibodè. Gbogbo ẹrù ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ, nọ́ńbà ara rẹ̀, ìwúwo, iye owó, ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ìwé pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè fún jíjáde àti pípadà sí Amẹ́ríkà, funfun fún wíwọlé àti jíjáde ní òkèèrè. Ọdún kan ló ń lò. Bí wọ́n bá gbàgbé láti gba òǹtẹ̀ ìjáde ní ẹnubodè kan, lójú ìjọba ibẹ̀ ẹrù náà kò tíì jáde, wọ́n á sì bi wọ́n lówó rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Tíṣáàtì àti àwo tí wọ́n fẹ́ tà kò sí lábẹ́ ìwé yìí rárá. Èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tẹ aṣọ wọn sí Yúróòpù fúnra rẹ̀.

Self Made Man jáde ní oṣù Kẹfà 2020, nígbà tí kòrónà ti ti gbogbo gbọ̀ngàn pa. Àwo tuntun wà lọ́wọ́, ojú ọ̀nà ò sí. Wọ́n padà sídìí kámẹ́rà tó kọ́kọ́ gbé wọn dìde, wọ́n sì tún gbé Kindred Spirits jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, orin àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n kọ láìfi ọ̀ṣọ́ kankan kún un, gìtá àti ohùn méjì péré. Ẹgbẹ́ tó ń dúró de àṣẹ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò lè tètè yí ọkọ̀ padà bẹ́ẹ̀.

Blood Harmony tẹ̀ lé e ní 2022, Tyler Bryant, ọkọ Rebecca, bá wọn darí iṣẹ́ náà. Èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú yàrá, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àwọn ló ń pè wọ́n wọlé. Venom & Faith ti gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà Grammy ní 2019, Fantastic Negrito ló gbà á lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì 2024, Blood Harmony gba Grammy fún àwo blues òde òní tó dára jù lọ. Bloom jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 2025. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà: níbi tí orúkọ ilé-iṣẹ́ máa ń wà, Tricki-Woo Records ṣì ni wọ́n kọ síbẹ̀.